Àtàǹpàkò Tí Mo Yá Baba Kan

Ẹni tó bá fẹ́ lè pè mí ní wèrè. Ojú mi ló ṣe, n kò sì bù mọ́ ọn.

Ìdánwò àtiwọ yunifásítì kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà tí mo lọ gba síìmù tuntun ní Ẹ̀gbẹ́dá, lábẹ́ agboòrùn Kaothar tó ń ta síìmù. Baba kan ti ṣáájú mi débẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ka ìlà ìka kò gba ìka wọn.

"Baba, ṣé inú agbada gàrí lẹ gbàgbé ìka yín sí ni?" Kaothar ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ wá ẹni tó máa bá yín tẹ̀ ẹ́ o."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe lọ́dọ̀ wa. Ọkọ́ àti ẹgẹ́ bíbó ti jẹ ìlà ìka àwọn àgbà tán.

Baba kọjú sí mi. "Ọmọ dáadáa, yá mi ní àtàǹpàkò rẹ."

Ojú tì mí láti kọ̀ fún àgbà. Mo tẹ̀ ẹ́. Wọ́n béèrè orúkọ mi. Mo ní Láyí. Wọ́n béèrè ọjọ́ ìbí mi, àti orúkọ ìyá mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ètè wọn rọra ń mì, bíi ti ẹni tó ń há nǹkan sórí.

Wọ́n di ọwọ́ mi mú láti dúpẹ́. Ọwọ́ wọn tutù, ó ń dán bí èèpo ẹyin. Kò sí ìlà kankan níbẹ̀. Eṣinṣin ń bà lé èmi àti Kaothar. Kò bà lé wọn.

Tíṣà ni Màámi. Èmi nìkan ni wọ́n bí. Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, wọ́n na kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì mi.

"Tí mo bá ti ṣíwọ́, màá wá mú ẹ níbẹ̀."

Mo tẹ ìka mọ́ ẹ̀rọ lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìdánwò. Ó han gooro. Ọkùnrin tó jókòó tì í gbójú sókè.

"Láyí ti wọlé."

"Èmi ni Láyí, sà."

Ó yí àwòrán sí mi. Ojú mi ni. Ó wo àwòrán, ó wò mí.

"Ìwọ kọ́ rèé. Pẹ̀lú orí rẹ tó rí rádaràda yìí, ìwọ ni wọ́n háyà láti ṣèdánwò fún ọmọ ọlọ́mọ?"

Gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn mi bú sẹ́rìn-ín. Mo wo àtàǹpàkò mi. Ó ń dán. Ìlà rẹ̀ ti lọ.

Láti ojú fèrèsé, mo rí ìpàkọ́ kan. Irú ṣẹ́ẹ̀tì ọrùn mi gan-an ló wà lọ́rùn rẹ̀.

Nígbà tó jáde, Màámi ti dé. Wọ́n sáré dì mọ́ ọn.

"Màámi!" Mo ké pè wọ́n.

Wọ́n yíjú sí mi, bí ẹni rí ewúrẹ́ àjèjì nínú oko.

"Láyí, o mọ ọmọ yìí ni?"

"Rárá, Màámi. Mi ò rí i rí."

"Jẹ́ ká lọ. Ojú ẹ̀ ò dáa."

Wọ́n gun ọ̀kadà. Mo fẹsẹ̀ rìn dé ilé wa ní Erùnmu. Oòrùn kò tíì wọ̀, ṣùgbọ́n àgbàlá wa pa lọ́lọ́. Òórùn dòdò ń ti ojú fèrèsé jáde. Mo kan ilẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?"

Ohùn mi ni.

Mo tún kan ilẹ̀kùn.

"Má ṣílẹ̀kùn o," Màámi wí nínú ilé. "Jókòó, ọmọ mi. Jẹun."