Àjẹkẹ́yìn Alàgbà Jẹ́nríyìn

Olúwa tí ó fi iyọ̀ sínú òkun ni ó fi ìtọ́wò sórí ahọ́n ènìyàn. Ṣùgbọ́n Ọ̀mọ̀wé Abọ́sẹ̀dé ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó fi ẹ̀rọ gbé adùn kúrò lẹ́nu ẹnìkan lọ sẹ́nu ẹlòmíràn. Agbadùnránṣẹ́ ni wọ́n sọ ẹ̀rọ náà. Kò ju fìlà kan àti àpótí kékeré kan lọ. Bí ẹni tó dé fìlà bá ti ń jẹun, àpótí á fa adùn oúnjẹ náà, á sì rán an sí ẹni tó dé irú fìlà bẹ́ẹ̀, ìbáà jẹ́ ní Ìbùdó Sánmà, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń gbé lókè ayé.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, Abọ́sẹ̀dé so àpótí náà mọ́ alùpùpù rẹ̀ tí oòrùn ń fún lágbára, ó sì gbé Alàgbà Jẹ́nríyìn sẹ́yìn. Wọ́n fẹ́ yí Erékùṣù Ìtura ká, erékùṣù tí àwọn bàbá wa fi yanrìn mọ sáàárín òkun. Ìyàwó Alàgbà, Ìyá Bíyẹ, ti lo ọdún mọ́kànlá ní Sánmà, egungun rẹ̀ sì ti rọ̀ débi pé kò lè sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Oúnjẹ oníhóró bí oògùn ni wọ́n ń jẹ lọ́hùn-ún. Ó di ọjọ́ kẹsàn-án tí kò ti fi nǹkan kan sẹ́nu. Àwọn dókítà ní bí kò bá jẹun láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí i, yóò kú. Òun náà ti dé fìlà tirẹ̀ lọ́hùn-ún, bóyá adùn oúnjẹ ayé á jí ẹnu rẹ̀.

"Bàbá, ẹ dì mí mú o!"

"Mo ti di Jésù mú. Ìwọ ṣáà rọra máa sáré."

Àkàrà ni wọ́n kọ́kọ́ dúró jẹ, ní etíkun àríwá. Alàgbà ṣí fìlà, ó gbàdúrà fún ẹni tó gbin ẹ̀wà, fún ẹni tó lọ̀ ọ́, àti fún ọmọ tí ẹni tó ń dín in kò tíì bí.

"Bàbá, ó ti ń tutù!"

"Jẹ́ kó tutù. Ẹni tó fún wa kò kánjú."

Ó dé fìlà padà, ó jẹ ẹ́. Ohùn Ìyá Bíyẹ jáde wẹ́rẹ́ láti inú àpótí: "Mo tọ́ ọ wò. Ẹ ṣeun." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Abọ́sẹ̀dé ní, "Bàbá, ẹja yíyan ni Ìyá Bíyẹ ń béèrè. Ẹ jẹ́ ká lọ síbẹ̀ tààrà."

"Ta ní máa ń kọ́kọ́ jẹ ẹja? Ọ̀kánjúwà! Ìyá mi ìbá ti fi ìkúùkù lù mí lórí."

Abọ́sẹ̀dé rẹ́rìn-ín. Nílé tiwọn náà, ẹni tó bá kọ́kọ́ mú ẹran jẹ, ojú burúkú ni wọ́n fi ń wò ó. Ni wọ́n bá ń lọ láti etíkun dé etíkun: ọ̀jọ̀jọ̀, àgbọn tútù, máńgòrò, mọ́ínmọ́ín. Níbi gbogbo, Alàgbà ń jẹ, ìyàwó rẹ̀ ń dúpẹ́, kò sì jẹun.

Oòrùn ti yẹ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ Sẹ̀sinú, ọkùnrin tó ń fi èèpo àgbọn yan ẹja ní etíkun gúúsù. Alàgbà gé e jẹ. Àpótí dákẹ́.

"Bàbá Bíyẹ, n kò tọ́ nǹkan kan wò o," ni Ìyá Bíyẹ wí.

Abọ́sẹ̀dé pa ohùn àpótí. Ó yẹ gbogbo wáyà wò, kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Ó bu iyọ̀ lọ́wọ́ Sẹ̀sinú, ó fi sí Alàgbà lẹ́nu.

"Bàbá, kí lẹ tọ́ wò?"

"Àbí yanrìn lo fún mi jẹ ni?"

Ohun tó ṣẹlẹ̀ wá yé Abọ́sẹ̀dé. Gbogbo ẹni tó fi dán ẹ̀rọ náà wò, òkèlè kan péré ni wọ́n jẹ. Kò sí ẹni tó fi odindi ọjọ́ jẹun nínú wọn. Kì í ṣe àwòkọ adùn ni ẹ̀rọ náà ń rán. Ìtọ́wò orí ahọ́n gan-an ló ń bù lọ.

Ó kúnlẹ̀ sórí yanrìn, ó jẹ́wọ́.

"Ẹ̀yin onímọ̀!" Alàgbà na ìka sí i. "Ẹ ò ní yẹ nǹkan wò délẹ̀ kí ẹ tó gbé e wá bá ọmọ ènìyàn! Ṣé yóò padà?"

"Kò ní padà, Bàbá."

Arúgbó náà fà á lápá sókè. "Dìde," ló wí. "Ìyá Bíyẹ kò tíì jẹun."

Abọ́sẹ̀dé ṣí fìlà lórí Alàgbà, ó dé e sórí ara rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá ṣí àpótí náà dé òpin, ẹja kan ṣoṣo yóò lágbára tó láti jí ẹnu aláìsàn. Yóò sì gbẹ ahọ́n tòun. Alàgbà na ọwọ́ láti dá a dúró, ṣùgbọ́n ó ti ṣí i, ó sì ti dá ohùn rẹ̀ padà.

Ó mú ẹja kan, ó jẹ ẹ́. Ó mọ ìgbà tí ata lọ. Ó mọ ìgbà tí òróró lọ, tí èéfín èèpo àgbọn sì tẹ̀ lé e. Ìgbà tó fi dé ìrù ẹja, bí ìwé ló rí lẹ́nu rẹ̀.

"Yéè! Èyí gan-an ni!" Igbe Ìyá Bíyẹ gba àpótí kan. "Nọ́ọ̀sì! Ẹ gbé oúnjẹ yín wá, ohun yòówù kó jẹ́. Ebi ń pa mí!"

Alàgbà na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó kígbe Halelúyà títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n gbọ́ bí ṣíbí ṣe ń kan àwo lókè lọ́hùn-ún.

"Bàbá Bíyẹ, ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ̀ ń jẹ nínú ẹ̀? Báwo ló ṣe rí lẹ́nu yín?"

Abọ́sẹ̀dé mi orí sí i pé kó má sọ ọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí Alàgbà Jẹ́nríyìn ti gba Olúwa, kò tíì purọ́ fún ìyàwó rẹ̀ rí. Ó mú ẹja mìíràn lórí iná, ó bù ú sẹ́nu, ó rọra jẹ ẹ́, ó sì gbé e mì.

"Ó gbóná," ló wí. "Ó sì rọ̀."