Ẹni Tí Ligaya Pè Wọlé

Fáìlì tí Ligaya pa rẹ́ lánàá ló tún ń ṣiṣẹ́ yìí.

Crispulo, tí tábìlì òun àti Ligaya fara kanra ní iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan ní ìlú Iloilo ní Philippines, ló kọ ọ́ kó tó kú. Láràárọ̀ ni ètò kọ̀ǹpútà ńlá wọn máa ń pe àwọn fáìlì kéékèèké wọlé níkọ̀ọ̀kan, kálukú á sì jẹ́ iṣẹ́ tirẹ̀. Ti Crispulo, tó fi orúkọ ara rẹ̀ sọ, kò ju kó kí wọn lọ: "Ẹ káàárọ̀ o, mo ti dé." Àwàdà ni. Ìkíni yẹn ló tún hàn lójú kọ̀ǹpútà, níbi tó yẹ kó ti sọ pé òun kò rí fáìlì náà.

Ibi àìsùn òkú Crispulo ni Ligaya ti ń bọ̀. Nílùú wọn, ẹni tó bá ti irú ibẹ̀ dé kì í lọ sílé tààrà. Á kọ́kọ́ yà síbòmíràn, kí òkú má baà tẹ̀ lé e délé. Nítorí Isko, ọmọ rẹ̀ jòjòló, ló ṣe yà sí ọ́fíìsì.

"Ẹ̀gbọ́n Jomar, ẹ wá wo nǹkan."

Jomar, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, bẹ̀ ẹ́ wò, ó rẹ́rìn-ín. "Crispulo yìí náà! Nígbà tó wà láyé, kì í tètè dé ibi iṣẹ́. Ó wá kú tán, ó di ẹni àkọ́kọ́."

"Ẹ yé ṣeré. Mo ti pa á rẹ́."

"Kọ̀ǹpútà yẹn ló ń ṣàárẹ̀. Pè é lórí òmíràn, wàá rí i pé kò ní dáhùn."

Òmíràn tó wà níkàáwọ́ Ligaya ni kọ̀ǹpútà kékeré tó ń kọrin fún Isko nílé. Ó wọ inú rẹ̀ láti ọ́fíìsì bó ṣe máa ń ṣe, ó tẹ ìlà kan péré pé kó pe Crispulo wọlé. Kò sí ìkíni. Kò sì sọ pé òun kò rí i.

"Ṣó o rí i?" ni Jomar wí.

Ligaya kò tíì mí délẹ̀ tí ohun tó máa ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun fi sọ sí i lọ́kàn: fáìlì tí a bá pè kì í dúró lẹ́nu ọ̀nà, inú ilé ẹni tó pè é ló ti ń ṣiṣẹ́. Fóònù rẹ̀ dún.

"Ligaya, ọ̀rẹ́ rẹ ibi iṣẹ́ ti dé o," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ó ní ìwọ lo pe òun. O ò tiẹ̀ sọ kí n se nǹkan sílẹ̀."

"Màmá, ẹ má ṣílẹ̀kùn fún un!"

"Ilẹ̀kùn wo? Inú yàrá ọmọ ni mo bá a."

Ligaya figbe ta: "Ẹ gbé Isko jáde. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáré!"

"Kí ló ń lé ẹ? Ó ti gbé e mọ́ra. Ọmọ tó ti ń ké látàárọ̀, ó ti dákẹ́ rọ́rọ́."