Ẹ̀rí Ọ̀bọ ní Oko Àgbọn Apá

"Jígí, ta ló jí àgbọn?" ni olórí ẹbí bi ọ̀bọ náà.

Ọ̀bọ náà wo gbogbo èrò tí ó pé jọ sí oko àgbọn ẹbí ní Apá. Ẹ̀rọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì dè mọ́ ọn lọ́rùn tàn yòò, ó sì fọhùn bí ènìyàn: "Sagbo."

Ariwo sọ. Láti ọdún méjì tí wọ́n ti kọ́ Jígí láti máa ṣọ́ oko, kí ó sì máa sọ ohun tí ó bá rí, kò purọ́ rí. Àṣà oko náà sì ni pé ẹni tí ń gun àgbọn, bí a bá pè é ní olè, yóò fi igbà tí ó fi ń gun igi sílẹ̀, kò sì ní gun igi kankan níbẹ̀ mọ́. Sagbo fúnra rẹ̀, bàbá arúgbó tí ń gun àgbọn fún ẹbí náà, kò jiyàn. Ó sọ igbà rẹ̀ kalẹ̀ ní èjìká, ó gbé e síwájú Ọláwọlé, olórí ẹbí.

"Ẹ ṣeun o," ni ó wí. "Ogójì ọdún tí mo fi sìn yín, ọ̀rọ̀ ọ̀bọ kan ló fọ́ ọ."

Dosi, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí ń bọ́ Jígí, wolẹ̀. Òun àti Rewájú, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ni wọ́n jí àgbọn náà, kí wọ́n lè tà á, kí wọ́n sì fi ra ìbéèrè ìdánwò àṣekágbá lọ́wọ́ oníjìbìtì kan. Nígbà tí ó rántí pé Jígí rí wọn, ó fi ọjọ́ mẹ́ta gbáko tún un kọ́. Bí ó bá bi í pé "Ta ni?", àfi kí ó dáhùn pé "Sagbo" kí ó tó rí ẹ̀pà jẹ.

Rewájú fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. "Ṣe ojú ẹ dáadáa, jọ̀ọ́. Ó ti parí."

Ìyá Mercy, tí ń ṣe òróró àgbọn, ya èrò kọjá. "Ẹ dúró ná. Jígí, ta ni ọkọ mi?"

"Sagbo."

Ẹ̀rín bú. "Yéè! Ọkọ mi tó wà ní Kùtọnù wá ńkọ́?"

"Jígí," ni Ọláwọlé wí, kò rẹ́rìn-ín, "ta ló bí ọ?"

"Sagbo."

Ojú gbogbo èrò yí sí ẹni kan ṣoṣo tí ń fún ọ̀bọ lóúnjẹ. Dosi wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Rewájú ti sá lọ. Ó wu Dosi kí ilẹ̀ lanu kí ó gbé e mì.

Ó kúnlẹ̀. "Bàbá, èmi ni. Èmi ni mo jí i. Èmi náà ni mo kọ́ Jígí pé kí ó dárúkọ yín."

Ọláwọlé fi ọwọ́ méjèèjì gbé igbà náà. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ gbà á."

Bàbá Sagbo mi orí, kò gbà á. "Ọmọdé purọ́ mọ́ mi, ó dùn mí. Ẹ̀yin ńkọ́? Gbogbo bí ẹ ṣe pọ̀ tó yìí, ta ló bi mí pé, 'Sagbo, ṣé lóòótọ́ ni?'"

Ó gba ọ̀nà Ajara lọ lọ́wọ́ òfo. Kò sí àgbàlagbà kan tí ó lè wo ojú ẹnì kejì.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi òwúrọ̀ kan péré pa ẹ̀kọ́ Dosi rẹ́ lórí Jígí. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́, bí ilé-ìwé bá ti parí, Dosi ń gbé igbà náà lọ kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ilé Bàbá Sagbo ní Ajara. Bàbá ń fún un ní omi mu. Kò tíì gba igbà náà. Ibẹ̀ ni Dosi ti mọ̀ pé irọ́ tí ènìyàn fi sí ẹlòmíràn lẹ́nu, tirẹ̀ ni, àti pé ẹni tí ó bá dájọ́ láì bi ẹni tí a fẹ̀sùn kàn léèrè ti bá òpùrọ́ pín nínú ẹ̀bi náà.