Ìlà Kan Tí Alámì Kò Fà

Ọkùnrin náà dúró níwájú máàpù, ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, pẹ́ńsùlù ń bẹ létí rẹ̀, lẹ́búlẹ́bú pákó wà nínú irùngbọ̀n rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín yẹn ló kọ́kọ́ bí obìnrin tó ya máàpù náà nínú.

Ọ́fíìsì ìlera ni obìnrin yìí ti ń ṣiṣẹ́. Òun ni wọ́n ń kó òǹkà rẹpẹtẹ tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ẹ́ kà fún, tí yóò sì sọ ọ́ di àwòrán tí ará àdúgbò yóò wò tí yóò yé e. Nítorí àmì tí kì í tán lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é ní Alámì. Máàpù tuntun yìí fi gbogbo kànga ìlú hàn: àmì pupa fún èyí tí omi rẹ̀ ń fún àwọn ọmọdé ní ìgbẹ́ gbuuru, àmì aláwọ̀ ewé fún èyí tó ṣeé mu. Káfíńtà ni ọkùnrin náà, férémù máàpù ló gbé wá.

"Ó rẹwà," ni káfíńtà wí. "Ṣùgbọ́n èwo ni kí n mu nínú àwọn omi yìí?"

"Pupa ni kò dáa, àwọ̀ ewé ló dáa. Ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi mọ̀ ọ́n."

"Ẹ bá mi wá ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi kan nígbà náà, kó máa bá mi lọ pọnmi. Bákan náà ni gbogbo wọn rí lójú mi."

Alámì wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, kò rí yẹ̀yẹ́ kankan níbẹ̀. Ọkùnrin náà ṣàlàyé pé bí wọ́n ṣe bí òun nìyẹn. Bí ìṣó bá bọ́ sínú koríko, òun á rí i, ṣùgbọ́n pupa àti àwọ̀ ewé kì í yàtọ̀ síra lójú òun. Ìtìjú bo Alámì. Gbogbo bó ṣe ń fi máàpù yìí yangàn tó, kò lè gba ọkùnrin tó dúró níwájú rẹ̀ lọ́wọ́ omi búburú.

Kò jẹ́ kó kan férémù náà. Ó tún máàpù yà látòkèdélẹ̀: kànga tó dára ní àmì róbótó, èyí tí kò dára ní àmì onígun mẹ́ta. Ọ̀gá rẹ̀ kùn pé ó ń fi bébà ṣòfò, Alámì sì dá a lóhùn pé ẹni tí kò mọ pupa náà ń mu omi. Nígbà tí káfíńtà padà dé, ó fi ìka tọ máàpù náà láti kànga dé kànga, kò ṣì í níbì kankan. Kódà ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wá sọ fún Alámì kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ọjọ́ pẹ́ tí ojú ti ń ti òun láti béèrè èwo ni pupa.

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ojú káfíńtà ti sọ tirẹ̀ tán kí ẹnu rẹ̀ tó là á. Férémù kan ṣoṣo yìí, ó ń wá yẹ̀ ẹ́ wò ṣáá: lónìí ìṣó fẹ́ẹ́ yọ, lọ́la ògiri ló ń rọ̀. Nígbà tí irọ́ tán lẹ́nu rẹ̀, ó kan tábìlì ìyàwòrán kan fún Alámì, ó sì fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ yí etí tábìlì náà ká kí pẹ́ńsùlù má baà máa yí bọ́ sílẹ̀. Obìnrin náà fọwọ́ pa etí tábìlì náà títí, ó mọ̀ pé ìfẹ́ ti wọ ọ̀rọ̀ náà.

"Ẹyinjú mi," ni káfíńtà ń pè é.

"Káfíńtà, ẹnu rẹ dùn ju iṣẹ́ rẹ lọ."

Aṣọ ni bàbá Alámì ń tà, ó sì gbà pé ẹni tí kò mọ àwọ̀ kò mọ nǹkan kan láyé. Nígbà tó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fẹ́ra, ó pe káfíńtà sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní kó bá òun gbé aṣọ pupa lórí pẹpẹ. Aláwọ̀ ewé ni káfíńtà gbé wá. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, àwọn oníbàárà náà bá a rín in. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀, ó sì sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun kò ní fún un ní àṣẹ àtifẹ́ ọkùnrin yìí, kó má lọ kó ojú bẹ́ẹ̀ wọ ìdílé òun.

Alámì kò sunkún, àwòrán ló yà. Ó bi dókítà ojú léèrè bí irú ojú yìí ṣe ń ti ara òbí wọ ara ọmọ, ó sì ya ìdílé tí wọn yóò ní: onígun mẹ́rin fún ọkùnrin, róbótó fún obìnrin. Ó kun káfíńtà ní dúdú, àwọn ọmọ tí wọn yóò bí sì funfun báláú. Inú rẹ̀ dùn sí i débi pé káfíńtà ló kọ́kọ́ gbé e lọ fi hàn.

Káfíńtà fi ìka kan onígun mẹ́rin dúdú náà.

"Èmi ni dúdú yìí?"

"Àmì lásán ni, olólùfẹ́ mi. Wo àwọn ọmọ wa, gbogbo wọn ló mọ àwọ̀."

"Bàbá tó bí ìyá mi dà? Ojú kan náà la jọ ní. Àwọn ọmọkùnrin tí àwọn ọmọbìnrin wa máa bí ńkọ́?"

Alámì fi ọwọ́ bo ìsàlẹ̀ bébà náà. Dókítà ti sọ fún un pé ojú náà lè fara hàn lára wọn. Ó kàn parí àwòrán náà síbi tó máa dùn mọ́ bàbá rẹ̀ nínú ni.

"Ìwọ lo máa ń sọ pé àwòrán tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀, irọ́ ló ń pa," ni káfíńtà wí. "O gé e. O tún kùn mí bí ẹni tó lárùn. Ara mi dá, mi ò sì rán ọ pé kí o bá mi bẹ ẹnikẹ́ni."

Ó padà sídìí pákó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dun Alámì, nítorí kò rí irọ́ kankan nínú rẹ̀.

Ó ya òmíràn. Bàbá tó bí ìyá káfíńtà wà lókè, àwọn ọmọ-ọmọ wà nísàlẹ̀, kò sì kun ẹnikẹ́ni ní dúdú: ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló fà sábẹ́ àwọn tó ní ojú náà àti àwọn tó ṣeé ṣe kó ní in. Ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán gangan, ó tẹ́ ẹ lé orí aṣọ tí bàbá rẹ̀ ń wọ̀n fún oníbàárà.

"Bàbá, gbogbo rẹ̀ rèé. Lára àwọn tí àwọn ọmọ mi máa bí lè ní irú ojú yìí, mi ò fi pamọ́ fún yín. Ẹ̀bẹ̀ kọ́ ni mo wá bẹ̀. Tòun ti ojú rẹ̀ ni mo fẹ́ ẹ."

"Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà," ni bàbá wí.

"Lóòótọ́ ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n èmi ni mo máa wọ aṣọ yìí."

Oníbàárà gbójú sílẹ̀. Bàbá tẹjú mọ́ bébà náà, kò gbà, kò sì lé ọmọ rẹ̀ jáde. Nígbà tó yá, ó fi ìka kan ọkùnrin tó wà lókè pátápátá, ó béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Alámì ní bíríkìlà ni, ilé tó kọ́ ṣì dúró.

Láti ibẹ̀ ló ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Ó kúnlẹ̀, ó tọrọ àforíjì, ó sì gbé àwòrán náà fún un. Káfíńtà fi ìka tọ̀ ọ́ láti orí bàbá tó bí ìyá rẹ̀ dé orí ara rẹ̀, ó sì dúró.

"Ṣé Bàbá ti gbà?"

"Kò tíì gbà. Èmi ti gbà."

"Ìlà kan kù níbí." Láàárín onígun mẹ́rin tirẹ̀ àti róbótó ti Alámì, níbi tí ìlà ìgbéyàwó yẹ kó wà, òfìfo ni.

"Mo mọ̀. Kì í ṣe èmi nìkan ló ni ín láti fà."

Káfíńtà yọ pẹ́ńsùlù létí rẹ̀. Kò wá rúlà, ó fà á láti ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ títí tó fi kan Alámì. Ìlà náà wọ́. Alámì, tó máa ń tìtorí ìlà tó wọ́ ya odindi máàpù tuntun, di ọwọ́ tó fà á mú, ó sì fi ìlà náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.