Ejò Tó Mọ Ẹkún

Ọjọ́ tí Mísísì Byrne kú, mo jókòó sí pálọ̀ wa ní Clonsilla, nílùú Dublin, lọ́sàn-án gangan, mo ń sunkún, ejò ọmọ mi sì jáde wá wò mí.

Kì í jáde lọ́sàn-án. Ọmọ mi ti sọ fún wa pé ọ̀sán ni oorun tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń fi etí ìborí mi nu ojú, mo gbọ́ tí nǹkan ń wọ́ lórí ẹ̀rúnrún igi inú àpótí gíláàsì rẹ̀. Mo gbójú sókè. Ó ti gbé orí sókè títí tó fi bá ojú mi dọ́gba. Mo sún sápá ọ̀tún, orí rẹ̀ bá mi sún. Mo sún sósì, ó tẹ̀ lé mi. Kò yọ ahọ́n. Ó kàn ń wò mí, bí àgbàlagbà tó fẹ́ bá ọlọ́fọ̀ kẹ́dùn tí kò mọ ohun tí yóò sọ. Nígbà tí omijé mi gbẹ, ó yí padà, ó lọ ká jọ sábẹ́ igi rẹ̀.

Iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn ni mo ń ṣe. Ọdún mẹ́rin ni mo fi wẹ Mísísì Byrne, tí mo fi fún un lóúnjẹ. Kò sí ẹni tó bá mi kẹ́dùn lọ́jọ́ náà àfi ejò. Ó yẹ kí n dúpẹ́. Ẹ̀rù ló bà mí.

Ruth lorúkọ mi. Èmi àti ọkọ mi, Olúkúnlé, tó ń wa bọ́ọ̀sì, ti lé lógún ọdún ní Dublin. Tẹniọlá nìkan la bí. Ọmọ ogún ọdún ni, ó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ẹranko. Nínú oṣù kẹsàn-án ló gbé ejò náà wọlé, òjòlá kékeré kan tí kò gùn ju igi ìgbálẹ̀ lọ, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi sílẹ̀ nígbà tó ń kó lọ sí Canada. Nóra ni wọ́n ń pè é. Ilẹ̀ Ireland kò ní ejò tirẹ̀. Ó wà lára ohun tí mo fi dúpẹ́ nígbà tí a kọ́kọ́ dé. Irú òjòlá yìí sì rèé, ìhà ọ̀dọ̀ wa lọ́hùn-ún ni orírun rẹ̀.

"A sá kúrò nílé, ejò tún bá wa débí," mo wí.

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. "Àjèjì bíi tiwa ni, Ìyá Tẹni. Jẹ́ kó rí ibi sùn."

Nígbà tí mo ròyìn fún Tẹniọlá pé ejò rẹ̀ wò mí lójú nígbà tí mo ń sunkún, inú rẹ̀ dùn.

"She's grand, Mummy. Kò sí wàhálà. Ó mọ̀ yín ni. Ó mọ ẹsẹ̀ mi náà. Tí mo bá ti ń ti ìdí reluwé bọ̀, ó máa ń jáde kí n tó ṣílẹ̀kùn."

"Ejò kì í mọ èèyàn."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Ẹ̀rù máa ń bà á. Ó máa ń rántí nǹkan. Àwa la ò mọ bí a ṣe ń ka ojú ejò."

Kì í ṣe pé mo rò pé ejò náà kò lọ́gbọ́n. Ọgbọ́n tó ní gan-an ló ń dẹ́rù bà mí. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, ẹranko tó bá mọ ẹkún èèyàn, ẹnì kan ló rán an.

Nígbà tí oṣù kọkànlá ń parí lọ, òtútù wá mú gidi. A ń tan bọ́ílà tó ń mú ilé gbóná láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá àpótí Nóra ní ṣíṣí. Ilé ìdáná ni mo ti rí i, ó nà gbalaja sí ìdí ògiri, ó ti imú bọ ihò afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ílà. Mo pariwo, Tẹniọlá sáré wá gbé e. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Bó bá wọnú ògiri ńkọ́? Bó bá gba ibẹ̀ yọ sórí bẹ́ẹ̀dì wa ńkọ́? Lọ́jọ́ kejì, mo ká aṣọ ìnura àtijọ́ kan, mo fi dí ihò náà pinpin, mo fi téèpù lẹ̀ ẹ́. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí ẹ̀fọ́rí fi dé. Èmi ló kọ́kọ́ mú, ó mú ọkọ mi, ó mú ọmọ. A ó jí, orí wa á wúwo bí ẹni tó ru omi sùn. Èébì á máa gbé mi. Bí a bá ti jáde, ara á yá. Bí a bá ti wọlé, ó tún dé. Nóra náà kọ oúnjẹ. Ojoojúmọ́ ló ń fi imú gbá gíláàsì, kó, kó, kó, lápá ibi tí ilé ìdáná wà, títí imú rẹ̀ fi bó. Mo ń gbọ́ ọ láti yàrá, mo rò pé èpè ló ń gbé wa ṣẹ́.

Pásítọ̀ Nathaniel, tí mo ti ròyìn ejò àti ẹ̀fọ́rí wa fún, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn, nínú yàrá òkè tí ìjọ wa háyà nítòsí Parnell Street. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Sista Ruth, inú ilé lọ̀tá yín ń gbé. Ẹ tún ń tanná fún un yá."

"Kí ni kí n ṣe, sà?"

"Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n."

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Tẹniọlá lọ síbi iṣẹ́, ọkọ mi wà lójú ọ̀nà. Mo wọ ìbọ̀wọ́, mo ki ọwọ́ bọ àpótí gíláàsì. Mo rò pé yóò bù mí jẹ. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ká mọ́ ọrùn ọwọ́ mi jẹ́jẹ́, bí ọmọ ṣe ń di ìyá rẹ̀ mú tí wọ́n bá fẹ́ sọdá títì. Mo tú u ní kíká kan, mo tú ìkejì. Mo fi í sínú àpótí oníke, mo fi okùn di àpótí náà lọ́nà mẹ́rin, mo gbé e lọ sínú ahéré onígi tó wà lẹ́yìnkùlé. Mo ti pe àwọn tó ń gba ẹranko tọ́jú. Wọ́n ní ó di ọjọ́ Ajé, wọ́n sì kìlọ̀ fún mi kí n fi í síbi tó gbóná. Yìnyín ti ń funfun lórí koríko bí mo ṣe ti ilẹ̀kùn ahéré náà.

"Wọ́n ti wá gbé e lọ," mo purọ́ fún Tẹniọlá nígbà tó dé.

Kò bá mi jà. Ó sunkún títí, ó wá bi mí bóyá mo sọ fún wọn pé kò lè fara da òtútù. Mo ní mo sọ ọ́.

Nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Àìkú, a jẹun, oorun sì kó gbogbo wa lọ. Aago mẹ́ta ọ̀sán kò tíì lù. Ọkọ mi àti ọmọ gòkè lọ. Èmi sùn sórí àga ní pálọ̀.

Nǹkan kan ló fún ọrùn ọwọ́ mi pinpin. Ó tutù bí ẹran tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú fíríìsà. Mo fẹ́ gbé ọwọ́ náà, kò gbé. Ó tún fún un, títí eegun fi ń ro mí. Mo lajú. Nóra ni. Ó ká mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́nà mẹ́ta, ojú rẹ̀ bá ojú mi dọ́gba. Mo fẹ́ pe Jésù, ahọ́n mi kò yí. Ó fà mí. Ejò kékeré yẹn fà mí títí mo fi já bọ́ láti orí àga. N kò lè dìde. Ó ṣáà ń fún mi, mo ń sá fún ìrora náà, mo ń fi àyà wọ́ lọ sẹ́nu ọ̀nà. Mo nàgà, mo ṣílẹ̀kùn. Afẹ́fẹ́ gbá mi lójú. Mo bì, mo sì kígbe.

Màríàm aládùúgbò wa àti ọkọ rẹ̀ ló gbọ́. Àwọn ló wọlé lọ wọ́ Olúkúnlé àti Tẹniọlá jáde. Wọ́n ń pe ọmọ mi, kò dáhùn, àfìgbà tí wọ́n gbé e dé ọsibítù.

Ọkùnrin panápaná kan wá bá mi níbi tí mo dùbúlẹ̀ sí. Ó ní gáàsì tí kò lóòórùn ni bọ́ílà wa ń tú sínú ilé láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, pé òun bá aṣọ ìnura nínú ihò tó yẹ kí afẹ́fẹ́ máa gbà wọlé. Ká ní ó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ́ sí i ni, òkú wa làwọn ì bá gbé.

"Ta ló dí ihò náà?" ó bi mí.

"Èmi ni."

Nígbà tí ara Tẹniọlá mókun díẹ̀, mo jẹ́wọ́ fún un, mo sọ ti ahéré, mo sọ pé Nóra ló jí mi. Inú bí i, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló kọ́kọ́ yọ lójú rẹ̀.

"Ó já okùn nìyẹn, Mummy. Ó wá wa wá."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la padà sílé. A wá Nóra lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, lẹ́yìn fíríìjì, nínú bàtà. A kò rí i. Ọkọ mi ló gba ẹ̀yìn jáde. Ó pẹ́ kó tó padà, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà láì wọlé.

"Ẹ wá," ó wí wúyẹ́wúyẹ́.

Àpótí oníke náà wà níbi tí mo gbé e sí. Okùn wà lára rẹ̀ lọ́nà mẹ́rin, kókó tí mo ta kò yẹ̀. Tẹniọlá fi ọ̀bẹ gé e. Nóra ká jọ sínú rẹ̀, ó le bí igi ìdáná.

Ọmọ mi fi ìka tẹ̀ ẹ́ láti orí dé ìrù.

"Sátidé ló ti kú," ó wí. "Kò kúrò níbí rárá."

Ọkọ mi fa apá súwẹ́tà mi sókè. Ojú kíká mẹ́ta wà lọ́rùn ọwọ́ mi, ó dúdú, àmì ìpẹ́ hàn lára rẹ̀ wínníwínní.

Tẹniọlá wò ó títí. "Èmi ni mo fẹ́ràn rẹ̀," ó wí. "Kí ló dé tó jẹ́ ẹ̀yin ló wá jí?"

Mo wọ́ apá súwẹ́tà mi padà bo ojú kíká náà.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Pásítọ̀ Nathaniel pè mí síwájú ìjọ láti wá jẹ́rìí pé ejò kú, a kò kú. Wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ kí n tó dé iwájú. Mo gba máíìkì, mo sì sọ ọ́ bó ṣe rí: aṣọ ìnura, okùn, irọ́ tí mo pa fún ọmọ mi, ejò tútù tó fà mí dé ẹnu ọ̀nà. Àtẹ́wọ́ náà kú díẹ̀díẹ̀. Mo ká apá aṣọ mi sókè, àwọn tó wà níwájú sì sún àga wọn sẹ́yìn.

Pásítọ̀ sún mọ́ mi. "Sista Ruth," ó wí sí mi létí, "ẹ̀mí wo lẹ rò pé ó jí yín?"

"N kò mọ̀, sà," mo dá a lóhùn, máíìkì sì gbé e dé ẹ̀yìn. "Ẹni tí mo pa ni mo mọ̀."