Ọ̀dà Dúdú ní Òpópó Abíọ́nà

Ní Ọjọ́bọ̀ kan ní oṣù kejì ọdún 1977, nígbà tí ọyẹ́ kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀, akọ̀wé ìjọba mẹ́ta wọ Òpópó Abíọ́nà pẹ̀lú ìwé ńlá kan, okùn ìwọnlẹ̀ àti agolo ọ̀dà méjì, ọ̀kan pupa, ọ̀kan dúdú. Kò ju ọdún kan lọ tí ìjọba ológun ti kéde pé olú-ìlú Nàìjíríà yóò kúrò ní Èkó wá sí Abuja, agbègbè tí òpópó náà wà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, àwọn ọkùnrin òpópó náà ti fi ẹnu ara wọn wó ilé wọn. Katapílà tó dé lẹ́yìn ọdún méjìlá kàn wá parí iṣẹ́ náà ni.

Ẹni tó bá ń kọjá ní Maitama lónìí, láàárín ògiri gíga àti géètì onírin àwọn ọlọ́lá, kò lè mọ̀ pé òpópó kan wà níbẹ̀ rí. Abúlé àwọn Gbàgyí ni, lẹ́sẹ̀ òkè. Ní nǹkan bí ọdún 1930, Abíọ́nà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ru aṣọ òfì àti ìlẹ̀kẹ̀ lọ tà títí dé Kàdúná, dùbúlẹ̀ àìsàn lójú ọ̀nà. Àwọn Gbàgyí gbé e wọlé, wọ́n tọ́jú rẹ̀ títí ara rẹ̀ fi yá, nígbà tó sì bẹ olórí abúlé fún ilẹ̀, wọ́n fún un. Ó kọ́ ilé alámọ̀ olókè kan síbẹ̀, òpó mẹ́rin níwájú, ògiri rẹ̀ nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Ọkọ̀ ojú irin ló gbé ilẹ̀kùn ìrókò rẹ̀, tí wọ́n gbẹ́ ẹlẹ́ṣin méjì sí lára, láti Ìlọrin dé Mìnà, kí àwọn alágbàrù tó rù ú dé abúlé. Àwọn obìnrin Gbàgyí ló ru amọ̀ ilé náà lórí èjìká, nítorí wọn kì í ru ẹrù lé orí, àwọn náà ló rẹ́ ògiri, tí wọ́n sì ya ilà funfun yí fèrèsé po.

Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ yòókù rọ́ tẹ̀ lé e. Ilé mẹ́jọ ni wọ́n kọ́ sí òpópó náà, ọ̀kan ń gbéra ga ju èkejì lọ. Ogójì ọdún ni wọ́n fi jẹ iṣu àwọn Gbàgyí, tí wọ́n fi mu omi wọn, síbẹ̀ "ará oko" ni wọ́n ń pè wọ́n, ọmọ wọn kò sì gbọdọ̀ bá ọmọ àwọn Gbàgyí ṣeré. Ìwà náà ń ríni lára títí dòní.

Ẹni tó burú jù nínú wọn ni Jàbárù. Ọdún 1950 ló dé, tó ń bá Abíọ́nà gbé aṣọ, kò ní ju ṣòkòtò kan àti bùbá kan. Abíọ́nà fún un ní Àwẹ̀ró, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, fi ṣaya, wọ́n sì bí Mùlíkàt. Inú ilé olókè yẹn ni wọ́n bí Àwẹ̀ró sí. Ìyá rẹ̀ kú lórí ìkúnlẹ̀, ìyàwó Gbàgyí tó wà lódìkejì, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí Làdí, ló gbé e tó fún un lọ́mú, tí àwọn ọmọbìnrin méjèèjì fi jọ dàgbà. Nígbà tí Abíọ́nà náà kú, wọ́n sin ín sínú pálọ̀ ilé rẹ̀ bí àwọn baba rẹ̀ ti ń ṣe. Àwẹ̀ró ló ni ilé náà, ṣùgbọ́n Jàbárù ló ń jókòó sí iwájú rẹ̀ bí ẹni pé òun ló kọ́ ọ.

Ní ọdún 1977 yìí, oyè kan ń wu Jàbárù ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìròyìn sì ti dé sí i pé àwọn kan nílé ń bèèrè bóyá kò tíì di Gwárí, orúkọ tí wọ́n fi ń pe àwọn Gbàgyí. Ìdí nìyẹn tó fi wọ agbádá sányán lọ́jọ́ tí àwọn akọ̀wé dé, tó dé fìlà abetí-ajá, tó sì ranṣẹ́ pe gbogbo ọkùnrin òpópó wá gbọ́ ohun tí òun fẹ́ sọ.

Ọ̀gá àwọn akọ̀wé náà, Bámiṣayọ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú ni. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ kú ilé o, bàbá."

"Ẹ kú àbọ̀, ọ̀gá akọ̀wé. Ẹ jókòó."

"A dúpẹ́, sà. Ìbéèrè kan péré ni mo bá wá. Ọmọ onílẹ̀ la máa fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sára ilé rẹ̀. Bí a bá wó o, ìjọba á kọ́ òmíràn fún un. Àlejò la máa fi dúdú kọ tirẹ̀, òun á padà síbi tó ti wá. Èwo ni kí n kọ fún ilé yìí?"

Jàbárù rẹ́rìn-ín, àwọn yòókù bá a rín in. "Ìlú wo ni wọ́n fẹ́ wá kọ́ sínú igbó yìí? Ìjọba tí kò lè la títì dé ọ̀dọ̀ wa?"

"Ọmọ onílẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ," Àwẹ̀ró wí láti ẹnu ọ̀nà. "Inú ilé yìí ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi wà lábẹ́ ilẹ̀ pálọ̀ yẹn."

Jàbárù kò yíjú wò ó. "Wọlé. Àbí Gwárí ni ọ́ ni?"

"Bàbá Mùlíkàt, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ilé bàbá mi wá oyè."

Ariwo ẹ̀rín gba iwájú ilé náà kan. Ojú ti Jàbárù, ìbínú rẹ̀ sì kọjá ààlà. Ó dìde dúró, ó ká apá agbádá rẹ̀ sórí èjìká méjèèjì.

"Ọ̀gá akọ̀wé, ẹ má dá obìnrin lóhùn. Àlejò ni wá. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, a ò bá ará oko tan. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà."

Bámiṣayọ̀ kọjú sí Àwẹ̀ró. "Ẹ má bínú, mà. Olórí ilé ni ìwé yìí ń bèèrè." Ó kọ ọ́, Jàbárù sì tẹ̀ka sí i. Ẹni tó ń kun ọ̀dà kọ nọ́ńbà dúdú sára òpó àkọ́kọ́, Jàbárù ní ó kéré, ó ní kó tún un kọ kó tóbi. Kò sí ọ̀kan nínú ilé méje tó kù tó fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun ló di Gwárí, dúdú ni gbogbo wọn gbà. Lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ń kí ara wọn kú oríire pé ìjọba ti ya ilé wọn sọ́tọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Àwẹ̀ró kò ti pe Jàbárù ní Bàbá Mùlíkàt mọ́. Ó ń se oúnjẹ rẹ̀, ó ń gbé e síwájú rẹ̀, ó parí.

Ní ọdún 1989, àwọn tó ní ọ̀dà pupa gba kọ́kọ́rọ́ ilé ní Kubwa, ọkọ̀ akẹ́rù sì ń kó wọn lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún Òpópó Abíọ́nà láti kó jáde. Jàbárù tún gbé sányán yẹn wọ̀, ó lọ sí ọ́fíìsì, ó ní àṣìsọ ni. Wọ́n ṣí ìwé, wọ́n fi ìtẹ̀ka rẹ̀ hàn án. Ó padà wálé, kò sì sí ẹni tó bá a kẹ́dùn, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ilé méje tẹ̀ lé.

Nígbà tí katapílà dé, Àwẹ̀ró bẹ awakọ̀ rẹ̀ pé sàréè bàbá òun wà nínú pálọ̀. Awakọ̀ náà ní wọn ò kọ sàréè kankan sínú ìwé tí wọ́n fún òun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kọlu ògiri yẹn kó tó wó. Ilẹ̀kùn ẹlẹ́ṣin nìkan ni wọ́n rí yọ, àwọn ọmọ Làdí ló sì rù ú.

Làdí fúnra rẹ̀, tó gbọ́ Yorùbá bí ẹni tí wọ́n bí ní Ògbómọ̀ṣọ́, fa Àwẹ̀ró lọ́wọ́ lọ síwájú àwọn akọ̀wé. "Ọmú kan náà la mu," ló wí. "Ẹ kọ ọ́ mọ́ ará ilé mi." Wọ́n kọ ọ́. Làdí ní kí Jàbárù náà máa bọ̀, Jàbárù ní òun ò lè sùn lábẹ́ òrùlé Gwárí nígbà tí òun ní ìlú.

Ó gba Ògbómọ̀ṣọ́ lọ. Oyè náà ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn láti ọdún 1981. Àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀ ló wà nínú yàrá rẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹní fún un ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Bàbá Abuja" ni wọ́n ń pè é, àràárọ̀ ni wọ́n sì ń bi í ọjọ́ tó ń padà. Oṣù méje ló fara dà á.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1990, ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní ibùdókọ̀ Zuba, ó wá Kubwa kàn. Ilé búlọ́ọ̀kù oníyàrá méjì ni ti Làdí. Ilẹ̀kùn ìrókò yẹn ga ju ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lọ, wọ́n fi ti ara ògiri níta. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Jàbárù jókòó sí pẹ̀lú ìdì aṣọ rẹ̀. Làdí kí i ní èdè Haúsá pé "sànnu", Àwẹ̀ró kí i kú àbọ̀, kò sì sí ẹni tó ní kó wọlé.

Kò pẹ́ tí àwọn akọ̀wé tó ń ka àwọn ará ilé kọ̀ọ̀kan fi dé. Bámiṣayọ̀ ló ṣáájú, irun rẹ̀ ti funfun. Ó ka orúkọ Làdí, ó ka ti àwọn ọmọ rẹ̀, ó ka Àwẹ̀ró. Ó wá gbójú sókè.

"Bàbá yìí ńkọ́? Ará ilé yìí ni wọ́n?"

"Ọmọ onílẹ̀ ni mí," Jàbárù tètè dáhùn. "Ogójì ọdún ni mo lò ní abúlé yẹn. Ibẹ̀ ni mo ti bímọ. Ẹ kọ mí mọ́ wọn, ẹ jọ̀ọ́."

Bámiṣayọ̀ wo Làdí. Làdí wo Àwẹ̀ró, torí tirẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà. Àwẹ̀ró ń fi àkísà nu eruku lára ẹlẹ́ṣin kejì, kò sì dáwọ́ dúró.

"Ẹ kọ àlejò," ló wí. "Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà."

Bámiṣayọ̀ kọ ọ́. Àwẹ̀ró wọlé, ó bu omi sínú abọ́ tí wọ́n fi ń fún àlejò lómi, ó kúnlẹ̀ gbé e fún Jàbárù, ó sì bi í pé aago mélòó ni ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ máa ń gbéra ní Zuba.