Òkìtì Yìnyín Ẹ̀gbẹ́ Ilé

"Jọ̀ọ́, tàn! Mo bẹ̀ ọ́, ṣáà tàn!"

Britta kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀rọ amúlégbóná nínú yàrá abẹ́ ilé wọn, ó ń bẹ irin bí ẹni ń bẹ olóríkunkun. Ẹ̀rọ náà kùn, fáànù kékeré inú rẹ̀ yí, ó sì dákẹ́. Irin tó yẹ kó pọ́n kó lè ran gáàsì kò pọ́n rárá. Iná pupa kékeré kan ṣáà ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta-mẹ́ta.

Lókè, bàbá rẹ̀ àgbà, Arvid, ń wúkọ́ lábẹ́ kúbùsù. Kò tíì pẹ́ tí òtútù àyà fi bàbá náà sílẹ̀, omi inú abọ́ ajá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Ìjì yìnyín ti dí gbogbo ọ̀nà oko wọn pa. Ìyá Britta, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, há sí ìlú kejì níbi iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó lè wá ràn wọ́n lọ́wọ́.

Fóònù dún. Ìyá rẹ̀ ni.

"Britta, mo ti pe Duane tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ó ní bí iná tó o sọ fún mi yẹn bá ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta, èéfín ni ò ríbi jáde, ẹ̀rọ ò sì ní gbà láti tàn. O ò da yìnyín bo páìpù èéfín ara ògiri, àbí?"

Ìyá rẹ̀ ti ní kó máa kó yìnyín lọ sẹ́yìn àká. Àmọ́ lánàá, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń dúró dè é lórí adágún tó ti dì láti gbá họ́kì, ló bá dà á jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ìyá rẹ̀ sì ti búra pé bó bá tún ya ọ̀lẹ, kò ní bá ẹgbẹ́ wọn lọ síbi ìdíje.

"Rárá, Màmá. Páìpù mọ́ tónítóní."

"Ṣé o lọ wò ó?"

"Mo lọ wò ó."

"Ó dáa. A jẹ́ pé súìṣì tó ń ṣọ́ èéfín ló bà jẹ́, àfi kí ọ̀nà ṣí kí Duane tó lè wá. Wé bàbá dáadáa o."

Britta sáré gbé ṣọ́bìrì jáde. Atẹ́gùn gbá a lójú. Òkìtì náà ti dì gbagidi, ṣọ́bìrì kàn ń ta padà ni. Ó wọlé, ọwọ́ rẹ̀ ti kú, ó sì pe Colt, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbá họ́kì, ó ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un.

"Ọ̀dẹ̀ ni ẹ́ o! Ohun tó o ń sunkún lé lórí nìyẹn? Yọ wáyà méjì tó wà lára súìṣì yẹn, kó o so wọ́n pọ̀. Ẹ̀rọ á rò pé kò sóhun tó ṣe òun. Mo rí i nínú fídíò."

"Kò ní pa wá?"

"Ṣé òtútù ò ní pa yín ni?"

Ó so wọ́n pọ̀. Irin náà pọ́n, gáàsì gbiná, Britta fò sókè. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ bàbá àgbà, ooru ti ń wọlé díẹ̀díẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí," bàbá rẹ́rìn-ín, "o gbọ́n ju ìyá ẹ lọ." Britta kò lè wo ojú rẹ̀. Bàbá sùn lọ.

Kò pẹ́ tí orí fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ Britta. Lójijì, aago ìkìlọ̀ ara ògiri figbe ta: afẹ́fẹ́ olóró tí kì í rùn, tó ń bá èéfín ẹ̀rọ jáde, ti kún ilé.

"Bàbá àgbà! Ẹ jí! Ẹ dákun, ẹ jí!"

Bàbá kò mira. Britta wọ́ ọ pẹ̀lú kúbùsù dé ẹnu ọ̀nà, ó ń ké, ó ń pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù.

"Irọ́ ni mo pa, Màmá! Èmi ni mo bo páìpù! Mo ti pa bàbá!"

"Má sunkún báyìí, wàá sunkún tó bá yá. Pa ẹ̀rọ. Ṣí gbogbo ilẹ̀kùn. Ṣé ó ń mí?"

"Ó ń mí díẹ̀."

"Jẹ́ kó máa gba atẹ́gùn. Mò ń pe ọkọ̀ tó ń wọ́ yìnyín kí wọ́n ṣíwájú àwọn oníṣègùn."

Britta pa ẹ̀rọ, ó sì ṣí ilẹ̀kùn. Nígbà tí bàbá kérora, ó gbé àáké. Ó ṣá òkìtì náà títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó, títí ẹnu páìpù fi yọ. Nígbà tí afẹ́fẹ́ ilé mọ́, ó dá wáyà padà sí àyè wọn. Ẹ̀rọ kùn, irin pọ́n, gáàsì gbiná wẹ́rẹ́. Kò sóhun tó ṣe súìṣì látìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn oníṣègùn dé, Bàbá Arvid kò sì kú. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, ọwọ́ méjèèjì ló fi ń di ife kọfí mú. Britta fúnra rẹ̀ ló yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìdíje.

"Ẹ ò tiẹ̀ bá mi wí, Màmá," ó sọ lọ́jọ́ kan.

"Ká ní o sọ òtítọ́ lọ́jọ́ yẹn, ǹ bá jágbe mọ́ ọ," ni ìyá rẹ̀ fèsì. "Igbe mi ò pa èèyàn rí, Britta."

Àwọn àgbà ní ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ṣọ́bìrì lè kó àṣìṣe kúrò. Irọ́ tí ẹ bá fi bò ó mọ́lẹ̀ ni yóò gba ẹ̀mí èèyàn. Báyìí, bí yìnyín bá ti dá, ìdí páìpù ni Britta kọ́kọ́ ń lọ, bàbá rẹ̀ àgbà a sì máa wò ó láti ojú fèrèsé, ife kọfí á máa gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀.